Kí Abẹ Tó Kan Ìbùkún: Ìrìn Mi sí Ákrà àti Àbọ̀ Mi sí Iléṣà

Ẹ̀yin oníbàárà mi ní Òṣogbo tí mo sọ fún pé mò ń lọ wo ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun ní Gánà, ẹ foríjì mí, irọ́ ni mo pa. N kò wo ẹ̀rọ kankan. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń sọ kiri pé ọkọ ni mo lọ wá, irọ́ ni tiyín náà. Ẹ jókòó, kí n sọ ibi tí mo lọ àti ohun tó gbé mi débẹ̀, nítorí mo ti pinnu pé n kò ní í fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ mọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí. Ẹ̀rọ ìránṣọ ni mò ń tún ṣe nítòsí Ọjà Ọba, àwọn télọ̀ sì ń pè mí ní Àǹtí Mojí Onímáṣíìnì. Nígbà tí wọ́n bí mi, agbẹ̀bí wo ojú ara mi, kò lè sọ lójú ẹsẹ̀ bóyá ọkùnrin ni mí tàbí obìnrin. Ohun tó wà níbẹ̀ tóbi ju ti ọmọbìnrin lọ, kò sì tó ti ọmọkùnrin. Bí Ọlọ́run ṣe ń dá àwọn kan nìyẹn, kì í ṣe èpè. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rin, wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà kan ní ìlú tó jìnnà. Ó gé èyí tó ní ó pọ̀ jù, ó yọ kóró méjì bíi kórópọ̀n tó wà nínú ikùn mi, ó ní kí n máa jẹ́ obìnrin lọ. Wọ́n sọ fún mi pé oówo ni wọ́n gé. Oówo yìí ni mo gbà gbọ́ títí mo fi pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tí n kò tíì rí nǹkan oṣù, tí mo lọ gba fáìlì mi, tí mo sì kà á nínú ọkọ̀ láàárín àwọn èrò.

Obìnrin ni mí, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn. Kì í ṣe ìyẹn ló ń dùn mí. Ibi tí wọ́n gé ti kú, kò mọ̀ bóyá wọ́n fọwọ́ kàn án tàbí wọn ò fọwọ́ kàn án. Nígbà tí mo di ọmọ ọdún mọ́kànlá, wọ́n tún un gé, àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà dúró yí bẹ́ẹ̀dì mi ká, wọ́n ń wò mí, ọ̀kan nínú wọn ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Ojoojúmọ́ ni mo sì ń lo oògùn, nítorí wọ́n ti yọ ohun tí ìbá máa ṣe iṣẹ́ oògùn náà fún mi. Ẹnikẹ́ni kò bi mí léèrè ohunkóhun.

Nígbà tí àbúrò mi, Fúnkẹ́, bímọ ní Iléṣà, ìyá wa lọ síbẹ̀ láti máa wẹ ọmọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó tú ìlédìí ọmọ náà, ó ti ilẹ̀kùn. Ó pè mí lórí fóònù, kò sọ̀rọ̀, mo kàn ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Mo ti mọ̀ kó tó sọ. Wọ́n sọ ọmọ náà ní Ìbùkún. Dókítà ní irú ara bẹ́ẹ̀ máa ń gba ọ̀dọ̀ ìyá dé ọ̀dọ̀ ọmọ, ó sì dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ: bí ọmọ bá ti pé oṣù mẹ́fà.

Mo ní kí wọ́n dúró. Fúnkẹ́ wò mí, ó ní, "Àǹtí mi, wọ́n ṣe é fún ẹ̀yin náà, ẹ ṣì wà láàyè. Ṣé tiyín nìkan la ó fi dá ẹjọ́ ọmọ mi?"

Ó bí mi nínú, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ. Ṣùgbọ́n òótọ́ ló wí. Tèmi nìkan ni mo mọ̀. Nọ́ọ̀sì kan tí mo máa ń tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe sọ fún mi pé àwọn tí wọ́n bí bíi tèmi fẹ́ kóra jọ ní Ákrà, kí wọ́n sọ tẹnu wọn fún àwọn oníṣẹ́ abẹ. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ.

Ojú ọ̀nà

Ẹ má bi mí bí wọ́n ṣe ń wọ ọkọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí mo rántí ni pé ní ẹnubodè kan, ọ̀gá kan tó wọ aṣọ ìjọba tú báàgì mi, ó rí ike oògùn mi, ó gbé e sókè níwájú gbogbo èrò, ó ní, "Àìsàn wo nìyí?" Mo ní ibà ni. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sára ike, ó wo ojú mi, ó dá a padà. Obìnrin tó jókòó tì mí nínú ọkọ̀ kí mi pẹ̀lẹ́, ó ní ibà ọdún yìí burú. Ó fún mi ní ọsàn. Mo mu ọsàn ibà tí kò ṣe mí, inú mi bàjẹ́ débi pé n kò mọ adùn rẹ̀.

Ní Kútọ̀nù mo ṣì gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn tó ń tajà, Yorùbá tó rọra tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àmọ́ tó yé mi. Nígbà tí a fi máa dé Lómè, mo ti di odi. Òkun wà lẹ́bàá títì níbẹ̀, ó sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí èmi ọmọ àárín òkè fi ń wò ó pé ó lè dìde wá bá wa nínú ọkọ̀. N kò lè sọ̀rọ̀, n kò lè dúnàá dúrà, ọwọ́ ni mo fi ń júwe. Ó yà mí lẹ́nu pé ara tù mí. Kò sẹ́ni tó lè bi mí ní ìbéèrè tí mo máa ní láti purọ́ sí.

Omi àkọ́kọ́

Ilé obìnrin àgbàlagbà kan ni wọ́n fi mí wọ̀ sí ní Ákrà. Màmá Ẹ́sí ni wọ́n ń pè é, opó ni, ó sì máa ń gba àwọn àlejò ìpàdé náà sílé. Mo wọlé, mo kí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ara mi bí a ti ń ṣe. Ó gbé ọwọ́ sókè. Ó fà mí jókòó, ó bu omi sínú ife, ó dúró títí mo fi mu ún tán. Ìgbà yẹn ló wá jókòó kọjú sí mi, ó gbá aṣọ rẹ̀ jọ, ó fi èdè Òyìnbó sọ pé, "Àlàáfíà ni a wà níbí. Ìwọ lo rin ìrìn wá bá wa. Kí ni iṣẹ́ tó gbé ọ wá?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màmá, ẹ ti mọ̀. Wọ́n ti sọ fún yín."

Ó ní, "Mo mọ̀. Mò ń bi ọ́."

Àṣà wọn ni. Bí wọ́n tilẹ̀ mọ ohun tó gbé àlejò wá, wọ́n gbọ́dọ̀ bi í lẹ́yìn omi, kí òun náà sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Tiwa kọ́, tí àlejò á ti jẹun, á ti sùn, tí a ó ṣì máa wo ojú ara wa. Mo ṣe bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀ ìpàdé ní ṣókí. Ẹnu mi kò gbà. Mo sọ ti oówo tí kì í ṣe oówo, mo sọ ti Ìbùkún àti ilẹ̀kùn tí ìyá mi tì, mo sọ ti ibà ẹnubodè. Láyé mi, n kò tíì sọ ọ́ tán fún ẹnì kan ṣoṣo. Màmá Ẹ́sí kò mí kanlẹ̀, kò ké háà, kò pe Jésù. Nígbà tí mo parí, ó ní, "A ti gbọ́. Káàbọ̀." Ó dìde lọ gbé ẹja kaná.

Kẹ́ńkè ló fún mi jẹ, pẹ̀lú ẹja díndín àti ata dúdú tí wọ́n fi edé din. Ó jọ ẹ̀kọ wa, àmọ́ ó kan, ó sì le. Lọ́jọ́ kejì ó gún fùfú fún mi, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ̀, ó ń wò mí bóyá màá yìn ín. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí. Ẹni tó bá fẹ́ fi òkèlè mìíràn rọ́pò iyán lójú mi ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe. Mo yìn ín, mo sì jẹ ẹ́ tán, nítorí obìnrin náà tọ́ sí ìyìn.

Yàrá náà

Yàrá ńlá kan ni wọ́n ti ṣe ìpàdé náà, fèrèsé rẹ̀ ṣí sí ọ̀nà tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń gbà. Àwa tí wọ́n bí bẹ́ẹ̀ jókòó níwájú, àwọn dókítà jókòó lẹ́yìn. Òfin ibẹ̀ ni pé dókítà kankan kò gbọ́dọ̀ lanu títí di ìgbà oúnjẹ ọ̀sán. Mo yíjú wò wọ́n, wọ́n gbé ìwé lé orí itan bí ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní. Mo gbádùn rẹ̀, n kò ní í purọ́.

Káfíńtà kan ló kọ́kọ́ dìde, Kofí lorúkọ rẹ̀. Ní Gánà, ọjọ́ tí wọ́n bí ọ ní ń fún ọ lórúkọ, ti ọmọkùnrin lọ́tọ̀, ti ọmọbìnrin lọ́tọ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n bí i. Wọ́n gé e ní ọmọ ọdún méjì, wọ́n sọ ọ́ ní Afúà, orúkọ ọmọbìnrin ọjọ́ náà, wọ́n wọ̀ ọ́ ní yẹtí. Ó ní láti kékeré ni òun ti mọ̀ pé ọkùnrin ni òun. "Mo ti gba orúkọ mi padà," bó ṣe wí nìyẹn. "Ohun tí wọ́n gé, ọ̀dọ̀ ta ni n ó ti gbà á?"

Mo ti ń mi orí, mo ti ń rí ẹjọ́ mi bó ṣe ń lọ dáadáa. Àfi bí olùkọ́ obìnrin kan tó ti Kùmásì wá ṣe dìde, tó ní inú òun dùn pé wọ́n ṣe é fún òun lọ́mọdé. Kò rántí ìrora kankan. Ó gbé ilé ìwé tí àwọn ọmọbìnrin ti jọ ń wẹ̀, kò sì bẹ̀rù. Ó ní, "Tí wọ́n bá fi mí sílẹ̀ ni, àwọn ará abúlé wa ì bá ti pa mí lẹ́kún." Mo bínú sí i. Mo fẹ́ kó jókòó. Fúnkẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹni tó tẹ̀lé e kéré, bóyá kò ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ. Ìyá rẹ̀ àgbà ni kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé, ó sunkún, ó tilẹ̀ bínú sí ìyá àgbà náà. Nígbà tó dàgbà, ó lọ sọ́dọ̀ dókítà fúnra rẹ̀, ó bi í ní gbogbo ìbéèrè, ó wá ní òun kò ṣe. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan tí wọ́n bí bí òun gbà kí wọ́n ṣe é ní ọmọ ogún ọdún, inú ìyẹn náà sì dùn.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dìde. Àwọn kan dúpẹ́, àwọn kan sunkún, àwọn kan ní àwọn kò tíì mọ̀. Nígbà tó kàn mí, mo ti ya ìwé tí mo kọ sílẹ̀ láti Òṣogbo, nítorí ẹjọ́ tó rọrùn ni mo kọ síbẹ̀. Mo sọ tèmi, mo sì sọ pé ọmọ kan wà nílé. Olùkọ́ Kùmásì yẹn ló di ọwọ́ mi mú nígbà tí mo jókòó. Ó ní, "Abẹ kò bí mi nínú. Irọ́ tí wọ́n pa fún mi fún ogún ọdún ló ń bí mi nínú. Kí wọ́n sọ fún ọmọ yẹn o." Mo rí i pé kò sẹ́nì kan nínú yàrá yẹn, ẹni tó dúpẹ́ àti ẹni tó sunkún, tí kò fẹ́ kí wọ́n ti bi òun léèrè.

Ìkúnlẹ̀

Lẹ́yìn oúnjẹ, oníṣẹ́ abẹ tó dàgbà jù níbẹ̀ rìn wá sọ́dọ̀ mi, bàbá arúgbó, irun funfun. Kí n tó mọ̀, orúnkún mi ti kan ilẹ̀. Ọmọ Yorùbá rí àgbà, kí ni kó ṣe? Bàbá náà rò pé òòyì ló kọ́ mi. Ó di ìgbọ̀nwọ́ mi mú, ó ń ké pe ẹni tó máa gbé àga wá. Gbogbo wọn sáré dé. Ojú tì mí gan-an.

Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ yẹn ni mo ti rí ìyá mi. Nígbà tí mo ka fáìlì mi, mo bi í pé kí ló dé tí kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ dókítà kó tó tẹ̀ka. Ó ní, "Mo ti kúnlẹ̀ kí bàbá náà. Ẹnu wo ni n ó tún fi bi í léèrè?" N kò dárí jì í fún ọ̀rọ̀ yẹn láti ọjọ́ náà wá. Èmi náà rèé lórí ìkúnlẹ̀, ìbéèrè mi sì ti fò lọ.

Wọ́n gbé mi jókòó. Mo sọ fún bàbá náà pé ìkíni ni, ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín pẹ́. Ó ní, "A rò pé oore ni a ń ṣe. A ó gé e, a ó rán an, wọ́n á lọ. Kò sẹ́ni tó ń padà wá sọ fún wa." Mo bi í pé kí ni kí n sọ fún dókítà wa nílé. Ó ní kí n má sọ nǹkan kan, kí n bi í: bí a bá dúró, kí ni yóò ṣe ọmọ náà? Bí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ ti ara ọmọ, pé ìtọ̀ kò jáde, pé àìsàn kan wà, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ rẹ̀ kíákíá. Bó bá jẹ́ ti ojú àwọn èèyàn, ẹ lè dúró de ọmọ.

Ó kìlọ̀ fún mi pé kóró tó wà nínú ikùn lè di jẹjẹrẹ lọ́jọ́ iwájú, nítorí náà dídúró kì í ṣe ìgbàgbé, wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ní ẹnubodè tí a ń bọ̀, wọ́n tún gbé ike oògùn mi sókè. Mo sọ ohun tó wà fún. Ọ̀gá náà yára fi í sínú báàgì, ó ní kí n máa lọ.

Iléṣà

N kò yà sí Òṣogbo. Iléṣà ni mo lọ tààrà. Dàpọ̀, ọkọ Fúnkẹ́, ń kó kòkó tó ti gbẹ sínú àpò lẹ́yìnkùlé, òun ló sì kọ́kọ́ takò mí.

"Àǹtí, ẹ̀yin ń gbé Òṣogbo. Èmi ni mo ń gbé láàárín àwọn ará ilé mi. Tí ìyá mi bá tú ìlédìí ọmọ yìí, kí ni n ó sọ?"

"Ẹ sọ fún wọn pé bí wọ́n ṣe bí Àǹtí Mojí nìyẹn."

Ó wo ìyàwó rẹ̀. Fúnkẹ́ kò sọ ọ́ fún un rí. Ó wo èmi náà, ó jókòó sórí àpò kòkó. "Ẹ̀yin?"

"Èmi ni. Ẹ ti ń jẹun nílé mi láti ìgbà tí ẹ ti fẹ́ àbúrò mi."

Ó tún wo ìyàwó rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí dókítà máa wí." Mo sọ fún Fúnkẹ́ pé ó tọ́, tèmi nìkan kò tó. Mo sọ ti Kofí fún un, mo sọ ti olùkọ́ Kùmásì náà, n kò bù ú kù. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lọ́mú, kò sọ ohun tó máa ṣe.

Lọ́jọ́ tí a gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó ti tẹ́ fọ́ọ̀mù tí a ó fọwọ́ sí ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ sílẹ̀ pẹ̀lú bírò lórí rẹ̀. Ìyá mi, Fúnkẹ́ àti èmi, a kúnlẹ̀ kí i. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ní kí a dìde. Ìyá mi dìde, Fúnkẹ́ dìde. Èmi kò dìde.

"Ẹ dìde, mà."

"Ìbéèrè kan ni, sà. Bí a bá dúró, kí ni yóò ṣe ọmọ yìí?"

Ìyá mi fà mí láṣọ. "Mojí! Dìde ńlẹ̀."

Dókítà ní, "Ojú á tì í láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ mọ ẹnu àwọn èèyàn wa."

"Ẹnu àwọn èèyàn nìyẹn, sà. Ara rẹ̀ ńkọ́? Ìtọ̀ rẹ̀?"

"Ìtọ̀ rẹ̀ dáa."

"Ṣé àìsàn kan wà lára rẹ̀ lónìí tí abẹ yìí máa wò?"

Ó wo káàdì ọmọ náà. "Lónìí, rárá. A máa ní láti máa ṣọ́ kóró inú rẹ̀." Ó wò mí dáadáa. "Ta ló kọ́ yín ní ìbéèrè yìí?"

Mo ní, "Wọ́n ṣe é fún mi, sà, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Mo ti lọ bi àwọn ẹlòmíì léèrè. Àwọn kan dúpẹ́, àwọn kan ń sunkún dòní. Ẹnikẹ́ni kò lè wo ọmọ oṣù mẹ́ta kó mọ èyí tó máa jẹ́."

Orúnkún mi ń ta mí. Fúnkẹ́ na ọwọ́, mo rò pé bírò ló fẹ́ mú. Fọ́ọ̀mù náà ló rọra tì padà sọ́dọ̀ dókítà. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. A ó máa gbé e wá kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Àmọ́ n kò ní í fọwọ́ sí i." Dókítà pa fọ́ọ̀mù náà dé, ó kọ ọjọ́ àyẹ̀wò sínú káàdì ọmọ. Ìgbà náà ni mo dìde.

Ìyá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. Kò bá mi sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ. Ní ìrọ̀lẹ́, ó gbé omi kalẹ̀ ní yàrá láti wẹ Ìbùkún, mo lọ bá a mú kànìnkànìn. Ó ń rọra bomi sí ọmọ náà láyà, kò wo ojú mi.

"Tí mo bá bi ọ́ nígbà náà," ó ní, "kí ni ìwọ ì bá ti sọ?"

"N kò mọ̀, Màámi. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí. Ǹ bá ní kí ẹ ra àkàrà fún mi ká máa lọ sílé."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yí padà lẹ́nu rẹ̀. Ó fi aṣọ nu ojú. Ó gbé ọmọ náà lé àyà, ó wá yíjú sí mi, ó wò mí bó ṣe yẹ kó ti wò mí láti ọgbọ̀n ọdún.

"Mojísọ́lá, ṣé ó dùn ọ́?"

Mo ní, "Ó dùn mí, Màámi." Mo jókòó sílẹ̀ tì í, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un.